Dámisọ́lá Já Wa Kulẹ̀

Ìwé ni Ayọ̀mípọ̀sí Ṣóbọ̀wálé sọ mọ́ ògiri lọ́sàn-án Sátidé yẹn, tí ìyá rẹ̀ fi sáré yọ láti ilé ìdáná pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́.

"Kí ló ṣubú?"

"Dámisọ́lá ni, Mọ́mì."

"Ta ní ń jẹ́ Dámisọ́lá?"

"Obìnrin inú ìwé ni. Orí rẹ̀ ti dàrú."

Ìyá rẹ̀ wò ó, ó mi orí, ó padà sídìí ìkòkò. Ó mọ irú ọmọ tí òun bí. Pọ̀sí, bí gbogbo ilé ṣe ń pè é, ń lọ sí ẹni ọgbọ̀n ọdún. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkẹ́nnẹ́, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Síbẹ̀, ó lè torí ẹni tí kò sí láyé rí kó má jẹun alẹ́.

Ẹ má bá a wí. Gbogbo ọmọbìnrin tó ń kàwé ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ló fẹ́ràn Dámisọ́lá. Anti Moríyọ̀ Adétúnbọ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Òde Rẹ́mọ, ló kọ ọ́ sínú ìwé kan tó pè ní *Ẹnu Mi Ni Mo Fi Yàn Án*. Nínú ìwé yẹn, wọ́n fẹ́ fi Dámisọ́lá fún ọlọ́rọ̀, ó sì dìde láàárín bàbá àti ẹ̀gbọ́n bàbá, àti àlùfáà tí wọ́n pè wá bá a sọ̀rọ̀, ó ní: "Lásúnkànmí ni mo fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú. Ẹnu mi ni mo fi yàn án." Lásúnkànmí wà níta lẹ́nu géètì, ó ń gbọ́. Àwọn ọmọge há ọ̀rọ̀ yẹn sórí bí ẹni há sáàmù. Pọ̀sí fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fóònù rẹ̀.

Apá kejì wá jáde. Dámisọ́lá inú rẹ̀, Pọ̀sí ò mọ̀ ọ́n rí.

Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, yóò ní, "Ẹ jẹ́ n rò ó ná." Lásúnkànmí rin ìrìn àjò lọ ṣiṣẹ́, kó lè rí ohun tí yóò fi gbé ìyàwó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyá Dámisọ́lá tún mú ọkùnrin mìíràn wọlé. Obìnrin tó kojú gbogbo ẹbí lọ́jọ́sí kúnlẹ̀, ó gbé omi fún àlejò, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn ń fi ọwọ́ pa etí. Lásúnkànmí padà dé, ó dúró lẹ́nu géètì nínú òjò; Dámisọ́lá wò ó lójú fèrèsé, ó sì ju kọ́tìnì sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó fi òrùka ẹlòmíràn sọ́wọ́, kìkì nítorí pé ojú ń tì í láti dá a padà.

Ẹgbẹ́ òǹkàwé tí Pọ̀sí wà lórí Wasáàpù gbóná bí ààrò. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Ṣé wọ́n pààrọ̀ Dámisọ́lá ní ọsibítù ni?" Òmíràn ní, "Ẹ bá wa bi Anti Moríyọ̀ léèrè, kí la fi ṣe wọ́n?" Pọ̀sí náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ pé "Wọ́n dà wá, ẹ̀yin ará, wọ́n dà wá," kó tó tún ṣí ìwé náà láti wá ibi tí yóò tọ́ka sí. Ibẹ̀ ló ti bá gbólóhùn kan pàdé, ní ibi tí Dámisọ́lá ti ń sunkún fún ọ̀rẹ́ rẹ̀:

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo la ẹnu. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé ọmọ ọlọ lé mi lórí ahọ́n."

Ìgbà yẹn ló sọ ìwé náà mọ́ ògiri. Ọ̀rọ̀ Pọ̀sí fúnra rẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde, nínú pálọ̀ Anti Moríyọ̀, ní Òde Rẹ́mọ, pẹ̀lú omijé lójú.

* * *

Apá kìíní ìwé yẹn náà ló fi ọkùnrin kan hàn án.

Ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé kan ní Ṣàgámù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, Pọ̀sí sì lọ síbẹ̀ láti ra díẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó ṣí ìwé, ó rí àṣìṣe, ó gbé e lọ bá ọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tẹ èyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ wo ibí yìí. Ẹ kọ ọ́ pé Dámisọ́lá ti rí ọkọ́ tó wù ú. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko."

Ọkùnrin náà gba ìwé, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọkọ́ náà ò burú. Kì í purọ́, kì í sì í fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó."

Pọ̀sí rẹ́rìn-ín débi pé ó gbàgbé láti gba ṣéńjì. Yésúfù Owólabí ni orúkọ ọkùnrin náà. Ará Ìṣẹ́yìn làwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ìkòríta ńlá Ṣàgámù, níbi tí àwọn tírélà ń gbé sùn, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì dàgbà sí. Ó pe Pọ̀sí lọ́jọ́ kejì pé òun ti ṣàtúnṣe ọkọ́. Ó tún pè lọ́jọ́ kẹta, kò sì rí àṣìṣe kankan tọ́ka sí mọ́. Kò pẹ́ tí Pọ̀sí fi ń kúrò níléèwé tí ó ń wọ takisí lọ sí Ṣàgámù, kí wọ́n jọ jẹ bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n sì máa jiyàn lórí ìwé. Nígbà tí Yésúfù sọ fún un pé òun fẹ́ ẹ níyàwó, Pọ̀sí kò ní kó jẹ́ kí òun rò ó. Ó ní, "Ó pẹ́ kó o tó sọ ọ́."

Ìyá rẹ̀ ni ìṣòro. Bàbá Pọ̀sí, kó tó kú, katikíìsì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ìyá rẹ̀ sì jẹ́ aṣáájú nínú Ẹgbẹ́ Ìyá. Lọ́jọ́ tí Pọ̀sí kọ́kọ́ fi ọgbọ́n dá orúkọ Yésúfù, èdè Rẹ́mọ tí ìyá náà ń fi pamọ́ fún ìbínú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ùwọ Pọ̀sí! Nínú ulé bàbá rẹ yìí? Yésúfù! Ta ló mọ ìdí ilé wọn? Àwọn ará ẹ̀gbẹ́ títì! Ṣé mọ́ṣáláṣí lo fẹ́ kí n ti wá kí ọ kú ewu ọmọ?"

"Mọ́mì, mo kàn ní ọ̀rẹ́ mi ni."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, nígbàkigbà tí Yésúfù bá ní, "Jẹ́ kí n wá kí ìyá rẹ," yóò ní, "Jẹ́ kó di ẹ̀yìn Kérésì." Kérésì yóò lọ, yóò ní, "Jẹ́ kó di ẹ̀yìn Àjíǹde." Bí ó bá ti ń sọ ọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sí etí.

Anti Moríyọ̀, tó kọ́ ọ níwèé nígbà tó wà lọ́mọdé, tó sì mọ Yésúfù nítorí ìwé, ló fúnra rẹ̀ sọ pé òun yóò ṣe alárinà. "Fi ìyá rẹ sílẹ̀ fún mi," ó ní. "Díẹ̀díẹ̀ la ó máa bá a sọ ọ́." Pọ̀sí dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin láti dúpẹ́.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni ìyá rẹ̀ gba àlejò. Níyì ni orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, lọ́yà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ní Ìpẹ̀rú, oníwà pẹ̀lẹ́ tí kò ṣeé kórìíra. Òun àti ìyá rẹ̀ jọ wá ni. Wọ́n ní kí Pọ̀sí gbé omi wá, ó gbé e wá, ó kúnlẹ̀. Ìyá Níyì bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé ọkàn rẹ wà níbẹ̀?" Pọ̀sí la ẹnu. Ohun kan ò jáde. Ó fọwọ́ pa etí, ó wolẹ̀. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìtìjú ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Níyì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Àbújá, ó ń pè é lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Pọ̀sí sì ń dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Kò sọ fún Yésúfù. Anti Moríyọ̀ nìkan ló sá lọ bá, ó jókòó sínú pálọ̀ rẹ̀, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Anti bu omi fún un. Anti ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Tú u jáde."

Ó sì tú u jáde.

* * *

Nítorí náà, lọ́sàn-án Sátidé tó sọ ìwé mọ́ ògiri, Pọ̀sí wọ bàtà, ó wọ takisí, ó dé Òde Rẹ́mọ kí oòrùn tó rọlẹ̀. Ó bá Anti Moríyọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀gúsí nínú atẹ. Ojú Anti tàn bí ojú ẹni tó ń retí ìyìn.

"Pọ̀sí! O ti kà á?"

"Mo kà á dé ibi ọmọ ọlọ, Anti."

Ọwọ́ Anti dúró nínú ẹ̀gúsí.

"Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn, Mà."

"Mo yí orúkọ padà, Pọ̀sí. Mo yí ìlú padà. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀."

"Ẹ yí orúkọ padà. Ẹ ò yí ẹkún mi padà."

"Jókòó, ọmọ mi."

"Mi ò jókòó, Mà."

Anti gbé atẹ sílẹ̀. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò láṣọ, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ tipẹ́. "Ẹni tó ń kọ̀wé, odò ìtòsí ló ti ń pọnmi. Nígbà tí apá kìíní jáde, àwọn kan wí fún mi lójú mi pé Dámisọ́lá kì í ṣe ènìyàn, pé ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹbí? Ó dùn mí. Ìgbà tí ìwọ wá jókòó síwájú mi tó ò ń sunkún, mo ní, áà, ènìyàn rèé."

"Èmi lẹ wá fi ba Dámisọ́lá jẹ́."

"Mi ò bà á jẹ́. Mo sọ òótọ́ nípa rẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Pọ̀sí lára ju bí ó ṣe fẹ́ kó hàn lọ. Ó bi í pé, "Anti, ìgbà wo lẹ parí ìwé yìí?"

"Ṣáájú Àjíǹde."

"Ẹ wá bá Mọ́mì sọ̀rọ̀ lórí mi lẹ́yìn Àjíǹde. Mo wà nínú yàrá, mo ń gbọ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n fojú rere wo Yésúfù. Nígbà yẹn, nínú ìwé yín, mo ti fi òrùka ẹlòmíràn sọ́wọ́. Ẹ ti sin ọ̀rọ̀ mi tán, ẹ tún wá ń bá mi bẹ̀bẹ̀ fún un?"

Ohùn Anti wálẹ̀. "Mo rò pé bí o bá kà á, ojú rẹ á là. Pé wàá bínú sí Dámisọ́lá, wàá sì dìde."

"Ṣé ẹ ò lẹ́nu ni, Mà? Àga tí mo jókòó sí nìyẹn. Ẹ lè sọ fún mi pé, Pọ̀sí, ohun tí ò ń ṣe yìí ò dáa. Ẹ ò sọ ọ́. Ẹ ní pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, ẹ sì lọ mú bírò."

Ó yí padà láti máa lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Anti ti sọ pé, "Ṣùgbọ́n Yésúfù ò bínú. Òun ló tẹ̀ ẹ́, òun ló fi àmì ohùn sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sọ nǹkan kan."

Pọ̀sí dúró. "Yésúfù sọ fún mi pé ẹ gbé e lọ tẹ̀ ní Ìbàdàn."

"Ìbàdàn? Ṣàgámù níbí ni o. Ó ní kí n má sọ fún ọ, pé òun fẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu."

Ó yà á lẹ́nu lóòótọ́.

* * *

Ọjọ́ Ajé, bí wọ́n ti lu aago ìparí ẹ̀kọ́, ó gba Ṣàgámù lọ. Yésúfù rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ilé náà dákẹ́ lójijì.

"Mo mọ̀ pé wàá wá," ó ní.

"Láti ìgbà wo lo ti kà á?"

"Láti ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀."

"O ní Ìbàdàn ni."

"Mo purọ́." Ó fa àga fún un, Pọ̀sí ò jókòó. "Pọ̀sí, nígbà tí mo tẹ ibi tó ti ń fọwọ́ pa etí, mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Mo ní kò lè jẹ́ ìwọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo dé ibi tó ti kúnlẹ̀ gbé omi fún ọkùnrin. Ta lo gbé omi fún?"

Ọwọ́ Pọ̀sí ti dé etí rẹ̀ kó tó mọ̀. Yésúfù nàka sí i. "Wò ó. Ìyẹn náà nìyẹn."

Pọ̀sí fa ọwọ́ kúrò bí ẹni tí iná jó. "Níyì lorúkọ rẹ̀. Lọ́yà ni, ará Ìpẹ̀rú. Mọ́mì ló mú un wá. Mi ò sọ pé mo fẹ́ ẹ."

"Ṣé o sọ pé o ò fẹ́ ẹ?"

Yésúfù fúnra rẹ̀ wá jókòó sórí àga náà.

"Mo dúró dè ọ́," Yésúfù ní. "Gbogbo ìgbà tá a bá jọ jókòó sídìí bọ̀ọ̀lì, mo ń retí pé, òní ni yóò sọ fún mi. O ń sọ̀rọ̀ iléèwé, o ń sọ̀rọ̀ epo tó wọ́n. Mo ń lọ sílé, mo ń ka ìwé obìnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n lè mọ ohun tó wà nínú ọkàn àfẹ́sọ́nà mi."

Omi ti kún ojú Pọ̀sí. Ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi, ó sì mọ̀ pé bí òun bá tún ní "jẹ́ kó di" ohunkóhun, ó ti parí. Ẹ̀rù bà á. Síbẹ̀, ohun tó wúwo lórí ahọ́n rẹ̀ láti ọdún yìí wá yí kúrò.

"Dìde," ó ní. "Jẹ́ ká lọ bá Mọ́mì. Nísinsìnyí. Bí wọ́n bá fẹ́ kígbe, kí wọ́n kígbe. Èmi ni n ó sọ ọ́, kì í ṣe Anti Moríyọ̀. Yésúfù, mo ní dìde, ká lọ."

Yésúfù ò dìde. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, tí tàdáwà ẹ̀rọ ti kùn.

"Ó ti pẹ́, Pọ̀sí."

"Kí ló ti pẹ́?"

"Ìyá mi ti ránṣẹ́ sí àwọn kan ní Ìṣẹ́yìn."

Ó gba àkókò díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e. "Ránṣẹ́ nípa kí ni?"

"Nípa ọmọ wọn."

"Nígbà wo?"

"Lẹ́yìn Iléyá."

Lẹ́yìn Iléyá. Pọ̀sí rántí. Yésúfù mú ẹran Iléyá wá fún un nínú kúlà, ó ní ìyá òun ló ní kí òun gbé e fún un. Wọ́n jọ jẹ ẹran náà nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Símáwà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Hàmdálátù."

"Ṣé o sọ fún ìyá rẹ pé o ò fẹ́ ẹ?"

Yésúfù la ẹnu, ó tún pa á dé. Bí ẹnikẹ́ni bá wà níbẹ̀ tó mọ ìwé náà, yóò sọ pé òun náà rí ọmọ ọlọ ọ̀hún.

"Mo bínú ni," ó sọ níkẹyìn. "Ohun tí mo kà dùn mí."

"O kà tèmi, ó dùn ọ́. Èmi ńkọ́, inú ìwé wo ni kí n ti ka tìrẹ?"

"Pọ̀sí..."

"Bó o bá bínú, kí o bá mi jà! Kí o wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa kó o pariwo! O mọ ẹ̀bi mi, o fi í pamọ́ sápò, o ń fi í ṣe àwáwí. Lójoojúmọ́ lò ń wò mí bí ẹlẹ́ṣẹ̀, ìyá rẹ sì ń wọ mọ́tò lọ sí Ìṣẹ́yìn."

Ó jáde. Yésúfù pè é lẹ́ẹ̀kan, kò pè é lẹ́ẹ̀kejì. Nínú takisí, ẹkún gbé e débi pé obìnrin tó jókòó tì í na áńkáṣíìfù sí i, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Mà," ó dáhùn, ó sì fi áńkáṣíìfù bojú.

* * *

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ará Ìpẹ̀rú padà wá. Níyì ti gba ìsinmi láti Àbújá, wọ́n sì fẹ́ mú ọjọ́ ìdána. Ìyá Pọ̀sí ti se ìrẹsì, ó ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ìyá Níyì, àbúrò bàbá rẹ̀, àti Níyì fúnra rẹ̀ jókòó sí pálọ̀.

Pọ̀sí gbé omi wá bí ìjọsí. Ó gbé e sórí tábìlì, ó kúnlẹ̀, kò sì dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ dárí jì mí," ó sọ fún ìyá Níyì. "Ẹ bi mí nígbà kan bóyá ọkàn mi wà níbẹ̀, mi ò dáhùn. Kò sí níbẹ̀, Mà. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sí níbẹ̀ lónìí. Bùrọ̀dá Níyì ò ṣe mí ní ibi kankan. Èmi ni mo dákẹ́."

"Ùwọ Pọ̀sí!" Ìyá rẹ̀ dìde.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ n parí rẹ̀. Kò sí ọkùnrin kankan tí mo ń torí rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tí ẹ̀yin ò fẹ́, òun náà ti wá ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó ń dúró dè mí níta."

Níyì ló sọ̀rọ̀ tó dùn ún jù. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Gbogbo oṣù tí mo fi ń pè ẹ́, tó ò ń bi mí pé ṣé mo ti jẹun, kí ló dé tó ò sọ fún mi? Ṣé mo jọ ẹni tó máa fi agbára mú ọ ni?"

"Rárá o. Mo ṣẹ̀ yín."

"O ṣẹ̀ mí," Níyì ní. Ó dìde, ó kí ìyá Pọ̀sí dáadáa, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Wọn ò fẹnu kan ìrẹsì.

Ìyá rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àfi "oúnjẹ wà níbẹ̀" àti "ti ilẹ̀kùn." Anti Moríyọ̀ pè lórí fóònù, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní òun ò sùn. Pọ̀sí ní, "Mo gbọ́, Anti. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí títí n ó fi pè yín." Yésúfù ò pè. Nígbà tó yá, ẹnì kan sọ fún un pé wọ́n ti so yìgì Yésúfù àti Hàmdálátù ní Ìṣẹ́yìn. Ó ní kí Ọlọ́run fún wọn lọ́mọ, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn kíláàsì, ó sì fi orí ti ògiri títí àwọn ọmọ fi pariwo dé.

* * *

Lọ́sàn-án Sátidé kan nínú ọyẹ́, ìyá àti ọmọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, Pọ̀sí ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Ìyá rẹ̀ kàn sọ̀rọ̀ lójijì.

"Wọ́n ní èmi wà nínú ìwé kan."

Pọ̀sí gbé ojú sókè.

"Ní ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá ni mo ti gbọ́. Wọ́n ń fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ojú mi ò gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Lọ gbé e wá, kó o kà á fún mi."

"Mọ́mì, kò dáa."

"Mo ní gbé e wá."

Ó ṣan ọwọ́, ó lọ gbé e wá, ó kà á. Ó ka ibi tí ìyá Dámisọ́lá ti ń pe àwọn ará ilé ọkùnrin náà ní ẹran tí kò mọ orírun rẹ̀. Ìyá rẹ̀ káwọ́ gbera.

"Èmi nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Mà."

"Mi ò sọ̀rọ̀ tó burú tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ní ará ẹ̀gbẹ́ títì."

"Moríyọ̀!" ìyá rẹ̀ kùn sínú. "Nínú ilé mi níbí, ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n bu ẹja sí i." Ó mí kanlẹ̀. "Kà á lọ."

Pọ̀sí kà á lọ, títí dé ibi kọ́tìnì, títí dé ibi òrùka. Ó pa ìwé dé.

"Ó tán níbẹ̀?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Ó tán níbẹ̀."

"Èyí ò dáa rárá. Ọmọ wo nìyẹn?"

"Gbogbo wa la bínú sí i, Mà." Pọ̀sí ń wo ilẹ̀. "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, kí lẹ ò bá ní kó ṣe?"

Ìyá rẹ̀ fa abọ́ ewùrà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rin ín láti ibi tí ọmọ rẹ̀ dúró sí.

"Kó wá bá ìyá rẹ̀ ni, kó sọ fún un. Ìyá náà ì bá kígbe. Ì bá gbààwẹ̀. Ì bá pe bíṣọ́ọ̀bù pàápàá." Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. "Àmọ́ igbe ìyá, ìgbà wo ló pa ọmọ rí?"

Pọ̀sí bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ò ní kó dákẹ́. Ó ń rin ewùrà rẹ̀ lọ, omi sì ń bọ́ lójú òun náà sínú abọ́.